Ọjọ́ Mẹ́wàá Lórí Òkè Sámọ́sì

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo lò ní Dubai, òkè ni ojú mi ń wá kiri. Ẹ̀fọ̀n ní Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, níbi tó jẹ́ pé ibi yòówù kí èèyàn kọjú sí, òkè ni yóò kọ́kọ́ rí. Tí wọ́n bá rán wa níṣẹ́ nígbà èwe wa, wọn kì í ní ká yà sọ́tùn-ún tàbí ká yà sósì. Wọ́n á ní ká gòkè tàbí ká sọ̀kalẹ̀. Mo wá bá ara mi ní ilẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, tí igi kò lè dúró níbẹ̀ àfi tí wọ́n bá fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa omi sí i nídìí. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí rọ́bà yẹn, ẹ̀rín pa mí. Lẹ́yìn náà, àánú igi náà ṣe mí, nítorí èmi náà ò mọ ohun tí yóò máa fún mi lómi níbẹ̀.

Deira, àdúgbò ọjà kan ní Dubai, ni iṣẹ́ mi wà, ní ọ́fíìsì kan tó ń fi ẹrù àwọn oníṣòwò wa ránṣẹ́ sí Èkó. Èmi ni mò ń fi máàkà kọ orúkọ sára ẹrù. Ẹni tó bá wò ó lókèèrè á pè é ní iṣẹ́ ọmọdé, àmọ́ tí orúkọ bá parẹ́ lára àpótí kan, ẹrù àti ẹlẹ́rù lè má fojú kanra mọ́ láyé. Àwọn oníbàárà wa á ti ọjà dé lọ́sàn-án gangan, ẹsẹ̀ wọn á ti wú, wọ́n á jókòó lórí ẹrù wọn, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, gbogbo wọn á máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Àbúrò, yalla, ó yá, kọ ọ́ kó dúdú dáadáa o. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ fún mi ní Èkó pé òun ò rí i."

"Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, Alhaja."

"Kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Your biro no go finish."

Alhaja Ràfátù nìyẹn, tó ń ta bàtà ọmọdé ní Èkó, tó máa ń wá sí Dubai lóṣù méjì-méjì. Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń nájà níbẹ̀. Ó ní kí n fi ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀, kí n fi ìbínú ṣe àárín, kí n sì máa rìn jáde lọ díẹ̀díẹ̀, kí ẹni tó ń tajà lè rí àyè pè mí padà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pè mí padà, ìbòrí kan ni mò ń rà. Mo wé e lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹnikẹ́ni ò sì yìn mí.

Sharjah, ìlú tó bá Dubai pààlà, ni mo ń gbé. Bedspace ni, àwa obìnrin mẹ́rin nínú yàrá kan, lókè àjà kẹjọ. Ọjọ́ Jímọ̀, tí iṣẹ́ kì í sí, ló máa ń le fún mi jù. Màá jí, màá wẹ̀, màá múra tán, màá wá rántí pé mi ò ní ibi tí mò ń lọ. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún nígbà náà, mi ò lọ́kọ, mi ò bímọ, mo sì máa ń rò pé mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dá nìkan wà. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Nílé, ẹni tó bá dá nìkan wà ṣì ń gbọ́ ohùn ẹni tó ń gúnyán ní ilé kejì.

Òjò ló mú mi rí ọ̀rẹ́. Ó rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọ̀tútù, òjò kékeré tí a kì í tìtorí rẹ̀ ká aṣọ nílé. Gbogbo ilé tú jáde sí bálíkónì. Òórùn ilẹ̀ gòkè wá bá wa lájà kẹjọ, n kò sì mọ ìgbà tí omijé bọ́ lójú mi. Mo yíjú kí n lè nù ún, mo wá rí obìnrin tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kọjú sí tèmi, òun náà ń sunkún. Sùsámà lorúkọ rẹ̀, láti Kerala ní Íńdíà, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú. Ó sọ fún mi pé ní abúlé àwọn, lórí òkè tí wọ́n ti ń gbin tíì, oṣù mẹ́ta ni òjò fi máa ń rọ̀ láìdá. Mo sọ Ẹ̀fọ̀n fún un. Láti ọjọ́ yẹn la ti jọ ń jẹun.

Ọdún kẹfà mi níbẹ̀ ni Sùsámà mú ìwé aláwòrán kan dé láti ibi iṣẹ́. Erékùṣù kan ni, Sámọ́sì, ní ilẹ̀ Gíríìsì. Mo ṣí ojú ewé kìn-ín-ní, mi ò sì lè ṣí èkejì. Òkè ni, igi bò ó láti ìsàlẹ̀ dé orí, ọ̀nà ẹsẹ̀ tóóró kan gba àárín rẹ̀ kọjá, òkun wà nísàlẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan àti ìyàwó rẹ̀, òyìnbó, gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n di ọ̀pá mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Níbo ni wọ́n ń lọ?" ni mo bi Sùsámà.

"Kò síbì kankan. Wọ́n kàn ń rìn ni."

"Wọn ò lóko níwájú?"

"Wọn ò lóko."

"Wọn ò sì lọ kí ẹnikẹ́ni?"

Sùsámà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Àmọ́ mo rí i pé òun náà ò tíì gba ìwé yẹn kúrò lọ́wọ́ mi, ó ń wò ó láti ẹ̀yìn èjìká mi. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, a ti ń sọ ọ́ bí ẹni tó ti fẹnu kò. Àwa méjèèjì la máa lọ, ọjọ́ mẹ́wàá, nígbà ìrúwé, kí oòrùn tó mú. A máa gun òkè ní àárọ̀, a máa jẹ ẹja ní ìrọ̀lẹ́, a ò ní bá ẹnikẹ́ni dé ọjà.

Ohun kan ló wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí inú mi dùn tán. Ọdún méjì-méjì ni wọ́n ń fún mi nísinmi, ọdún yẹn sì ni ó yẹ kí n lọ sílé. Tí mo bá lọ Sámọ́sì, Màmá ò ní rí mi títí ọdún méjì mìíràn, ó sì ti lé ní àádọ́rin ọdún.

N óò sọ òtítọ́ nípa ìsinmi ilé. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló ti rẹ̀ mí tán kí n tó padà sí Sharjah. Kí n tó jí, àwọn àlejò á ti kún pálọ̀. Mo gbọ́dọ̀ kí ẹ̀gbọ́n Bàbá, mo gbọ́dọ̀ dé ilé ọkọ àbúrò mi, mo gbọ́dọ̀ jẹ níbi gbogbo, bí mo bá fo ilé kan, ìjà ọdún méjì ni. Ará Dubai ni wọ́n ń pè mí nílé. Ní Dubai ẹ̀wẹ̀, Nàìjíríà ni wọ́n ń pè mí, bíi pé èmi nìkan ni gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Mo fẹ́ràn àwọn èèyàn mi o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ó kàn ń wù mí kí n wà níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti retí mi, fún ọjọ́ mẹ́wàá péré.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù ni mo máa ń bá Màmá sọ̀rọ̀. Bàbá Tíṣà, aládùúgbò wa, ló ní tẹlifóònù. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní agogo méjìlá ọ̀sán tiwọn, Màmá á ti jókòó ní pálọ̀ Bàbá Tíṣà, èmi náà á ti dúró nínú àpótí tẹlifóònù lójú títì ní Sharjah, káàdì á wà lọ́wọ́ mi, òógùn á máa sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn mi.

"Màmá, ó jọ pé mi ò ní lè wálé lọ́dún yìí o."

 Mo sáré fi kún un kó tó fèsì.

"Mo fẹ́ lọ lo ọlidé mi ní Sámọ́sì, ní ilẹ̀ Gíríìsì. Òkè wà níbẹ̀, Màmá, òkè tó dára gan-an ni."

"Orí òkè lo fẹ́ lọ?"

"Ẹ̀n. Ọjọ́ mẹ́wàá."

"Ọjọ́ mẹ́wàá gbáko lórí òkè?" Ohùn rẹ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. "Ọmọ mi, mo ti ń bẹ̀rù pé o ti gbàgbé Ọlọ́run ní ìlú àwọn Lárúbáwá. Máa lọ. Ilé ò sá lọ síbì kan. Màá sọ fún Wòlíì."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nínú ìjọ wa, tí wọ́n bá ní lágbájá wà lórí òkè, kò sẹ́ni tó máa bi yín pé kí ló ń ṣe níbẹ̀. Ààwẹ̀ ni, àdúrà ni, aṣọ funfun ni. Ó yẹ kí n sọ pé rárá, Màmá, koríko ni mo fẹ́ lọ wò. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí mo bá ń sọ ìtàn yìí, mo máa ń ní káàdì mi tán. Káàdì ò tán. Inú Màmá dùn, ọkàn mi sì balẹ̀, mo wá panu mọ́.

A bẹ̀rẹ̀ sí í múra. Sùsámà ní òkè ò ní ṣàánú ẹni tí kì í gun nǹkan kan, torí náà a pa lífìtì tì. Láàárọ̀ kí a tó lọ síbi iṣẹ́, a ó di ìrẹsì kílò márùn-ún-márùn-ún sínú báàgì, a ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, a ó máa gun àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dé àjà kẹjọ, a ó tún sọ̀kalẹ̀. Ọkùnrin ará Pakistan tó ń ṣọ́ ilé náà jáde sí wa.

"Lift kharab?"

"Lífìtì ò bàjẹ́," ni Sùsámà dá a lóhùn ní èdè Híńdì, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ.

Ọkùnrin náà wọ lífìtì, ó gùn ún dé òkè, ó bá a wá sílẹ̀, ó sì dì í mú fún wa kó má baà lọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó gbà pé orí wa ló bàjẹ́.

Ní Jímọ̀, Al Mamzar ni a máa ń lọ, a ó rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkun pẹ̀lú ìrẹsì lẹ́yìn wa. Ẹnikẹ́ni kì í rìn ní ìlú yẹn àfi tí ọkọ̀ rẹ̀ bá takú. Takisí á dúró, á fọn fèrè, a ó fi shukran dúpẹ́, a ò ní wọ̀. Ìdílé kan tiẹ̀ dúró, wọ́n fẹ́ fún wa lómi àti búrẹ́dì. Sùsámà gbà á. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ ba àánú èèyàn jẹ́. A jókòó lórí yanrìn, a jẹ búrẹ́dì àwọn aláàánú, ara mi sì yá bí kò ṣe yá láti ìgbà tí mo ti dé.

Físà ilẹ̀ Gíríìsì náà wọlé. Ọkùnrin tó gba ìwé wa ní ọ́fíìsì wọn wò mí, ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe. Mo ní mo fẹ́ lọ rìn. Ó ní ṣé òwò ni. Mo ní rárá, ẹsẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyá òun ará erékùṣù ni, kí n má gbàgbé bàtà tó nípọn. Mo ra bàtà náà ní Deira, mo sì ń wọ̀ ọ́ nínú yàrá.

Lẹ́yìn náà ni Alhaja Ràfátù ti Èkó dé pẹ̀lú ẹrù kan tí wọ́n fi aṣọ ránpọ̀. Ó gbé e lé tábìlì mi.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ó ní Màmá ní kí n fi lé ọ lọ́wọ́ fúnra mi. Wọ́n ní orí òkè lo ń lọ, o ò sì sọ fún mi."

Mo fi abẹ tú u. Aṣọ funfun kan wà níbẹ̀, òróró kan nínú ìgò oògùn ikọ́, àti ìwé pélébé-pélébé tí wọ́n ya láti inú ìwé ọmọléèwé, ó ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ìwé àdúrà ni. Bàbá Tíṣà fẹ́ kí ojú òun tún lè kàwé. Ọmọ àbúrò mi fẹ́ yege nínú ìdánwò. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti ọkọ rẹ̀, ó kọ "ọmọ" sábẹ́ wọn, kò kọ nǹkan mìíràn. Wòlíì fi ìwé tirẹ̀ sí i, ó ní àwọn àpọ́sítélì ti gba ọ̀nà Sámọ́sì kọjá rí, nítorí náà mi ò gbọ́dọ̀ wọ bàtà lórí òkè náà rárá.

Ti Màmá ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ìlà kan ni, ó fi pẹ́ńsù kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà: Kí ara tu ọmọ mi.

Mo jókòó. Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbójú sókè.

"Kí ló dé?" ni Alhaja wí.

"Alhaja, kì í ṣe àdúrà. Fàájì ni."

"Fàájì? Lórí òkè?"

"A fẹ́ lọ rìn ni. Ká wo igi. Ká gba afẹ́fẹ́."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀. "You wan carry your leg go Greece go look tree."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Màmá ò mọ̀?"

"Wọn ò mọ̀."

"Àbúrò, gbọ́ mi. Wọ́n gbà pé kí o má wálé torí pé Ọlọ́run ló pè ọ́. Tó bá jẹ́ igi ló pè ọ́ ńkọ́?"

 Ohun tí mo ti ń sá fún láti oṣù méjì ló kó sínú ìbéèrè kan yẹn. Alhaja náà rí i. Ó fa ìwé kan ya kúrò nínú ìwé mi, ó mú máàkà mi, ó kọ nǹkan sí i, ó ká a.

"Fi tèmi sí i. Ọ̀rọ̀ Mùrítàlá ọmọ mi ni. Kó jáwọ́ lára ọmọbìnrin yẹn."

"Alhaja, ẹ̀yin tí ẹ ti lọ sí Mẹ́kà?"

"Ta ló ní kí n má fi kún un? Òkè ni òkè, habibti."

Ọ̀sẹ̀ yẹn, mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo lè kó ìwé wọn dání, kí n gbàdúrà díẹ̀ láàárọ̀, kí n máa rìn lọ́sàn-án, kí ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Sùsámà ní ohun tí òun ì bá ṣe nìyẹn, accha, ó dáa bẹ́ẹ̀, kí ló burú níbẹ̀? Bóyá kò burú. Ṣùgbọ́n ìlà kan tí Màmá kọ yẹn kò jẹ́. Gbogbo àwọn tó kù béèrè nǹkan fún ara wọn, ó fi tirẹ̀ béèrè fún mi, èmi sì ń pa irọ́ fún un. Mo pinnu pé mo máa sọ fún un ní Jímọ̀, tó bá sì ní kí n wálé, Sùsámà á máa dá lọ, èmi á lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Mo sọ fún Sùsámà bẹ́ẹ̀. Ó ká ìwé aláwòrán náà, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, kò bá mi jà.

Ẹ̀rù bà mí nínú àpótí tẹlifóònù yẹn ju bó ṣe bà mí ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ orí òkè yẹn."

"Ṣé ẹrù ti dé?"

"Ó ti dé. Màmá, kì í ṣe àdúrà ni mo fẹ́ lọ gbà. Mo fẹ́ lọ sinmi ni. Mo fẹ́ lọ rìn káàkiri, kí n jẹun, kí n sùn. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín. Tí ẹ bá ní kí n wálé dípò rẹ̀, màá wálé."

 Mo ń gbọ́ rédíò Bàbá Tíṣà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn kan tì.

"Bàbá Tíṣà ti fi pálọ̀ sílẹ̀, wọ́n ti wọ yàrá lọ," ni Màmá wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Dúró ná. Ṣé o rántí ọdún tí bàbá yín kú?"

"Mo rántí, Màmá."

"Ṣé o rántí pé gbogbo Ọjọ́rú ni mo ń lọ sórí òkè?"

"Ẹ máa ń gba ààwẹ̀."

"Ta ló sọ fún ọ pé mò ń gba ààwẹ̀? Ẹ̀kọ àti àkàrà ló máa ń wà nínú báàgì mi."

Mo tẹ fóònù mọ́ etí mi dáadáa.

"Màá jẹ ẹ́ tán, màá fi ìró bo ara mi, màá sùn títí oòrùn á fi rọ̀. Àwọn àna mi wà ní gbogbo yàrá, ẹ̀yin ọmọ ń ké, àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde. Tí mo bá ní mo fẹ́ lọ sinmi, ta ló máa gbà fún mi? Ìyá opó, ìsinmi kí ni? Àmọ́ tí mo bá ti ní àdúrà ni, wọ́n á tiẹ̀ bá mi gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà."

Ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ̀rín ẹni tó ń ṣọ́ ilẹ̀kùn. Èmi ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń sunkún, ọkùnrin tó tò sẹ́yìn mi fún tẹlifóònù yíjú kúrò.

"Lọ síbi tí ò ń lọ," ni ó wí.

"Ìwé àdúrà àwọn èèyàn ńkọ́, Màmá?"

"Pe orúkọ wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Ọlọ́run ò di etí. Lẹ́yìn náà kí o jẹun." Mo gbọ́ tó sún àga. "Tí o bá wá wálé, èmi àti ìwọ la jọ máa gun tiwa. Orúnkún mi ṣì gbé e."

"Kí la máa sọ fún wọn nílé?"

"A máa ní àdúrà ni," ni Màmá wí.